Ffestiniog, Welsh Highland àbí Talyllyn: rélùwéè kékeré orí òkè wo ló yẹ kẹ́ ẹ mú òbí yín lọ gùn?

Látìgbà tá a ti padà dé Iléṣà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá, ní ṣọ́ọ̀ṣì o, lọ́jà Atakúnmọ́sà o, títí kan ìyàwó àbúrò bàbá mi tó pè mí láti Ifẹ̀: "Rélùwéè kékeré tí wọ́n ń fi èédú wà lórí òkè ní Wales tẹ́ ẹ mú Bàbá lọ gùn yẹn, èwo gan-an ló dáa jù nínú wọn? Ọmọ tiwa náà wà ní Manchester, ó ní ká máa bọ̀ lóṣù kẹjọ." Mo ti dáhùn ẹ̀ títí, ẹnu ń ro mí. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó bá tún béèrè.

Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tá a mú lọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Gáàdì rélùwéè ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ojú irin ò dé Iléṣà wa, kò dé Ifẹ̀, Òṣogbo ló gbà kọjá lọ sókè Ọya, torí náà Òṣogbo ni wọ́n ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀, ó di ọjọ́ Sátidé ká tó rí wọn, tàwọn ti àpò búrẹ́dì àti àsíá aláwọ̀ ewé tí wọ́n ká mọ́ abíyá. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, eékún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn kì í lè jókòó pẹ́ lójú kan, àmọ́ bẹ́ ẹ bá dárúkọ rélùwéè létí wọn, ojú wọn á là. Ẹni tá a fẹ́ wá ọkọ̀ fún nìyẹn. Ẹ̀kejì ni ọmọ bọ̀dá mi, ọmọ ọdún méjìlá tó ń gbé Manchester, tó jẹ́ pé ó fẹ́ rí òkè, ó fẹ́ rí ihò, ó fẹ́ yọ orí lójú fèrèsé. Èmi ni mo wà láàárín wọn.

Kí la tiẹ̀ ń pè ní kékeré? Àárín irin méjèèjì là ń wọ̀n. Ojú irin àtijọ́ tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀, ìyẹn 1,067 mm. Tuntun tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 2021, 1,435 mm ni. Ti Ffestiniog jẹ́ 597 mm péré, ẹsẹ̀ bàtà méjì ó dín ìdajì íńṣì, ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ọ̀kan kó fi tòsì tẹ ìkejì. Kì í ṣe pé owó ò tó wọn nìkan ló fà á. Bí irin bá ṣe súnmọ́ra tó ni ọkọ̀ á ṣe lè yí kọ́nà tó há tó, àpáta tí wọ́n máa fọ́ á sì kéré. Ẹni tó bá ti gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè kọjá rí mọ irú kọ́nà tí mò ń sọ, kí ọkọ̀ ojú irin ńlá wá gba irú ibẹ̀, áà, kò ní ṣeé ṣe.

Àwa náà ní irú ẹ̀ rí o, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Láti Zaria lọ dé Jos àti Bukuru, ojú irin ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ kan wà tó ń gun òkè lọ kó tin tí wọ́n ń wa nílẹ̀ lọ́hùn-ún, ọdún 1957 ni wọ́n tì í pa. Èkó náà ní tiẹ̀, tíráàmù tó ń fi èédú rìn láti Ìddó wọ Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1902 títí dé 1933, ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ náà ni. A ò fi ọ̀kankan sílẹ̀ tó ń rìn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun Bàbá gan-an ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lójú wọn, ó sì ń dun èmi náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé tí ẹ bá ti ń lọ kí ọmọ ní Ìlú Ọba, tẹ́ ẹ sì ní òbí tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ẹ mú wọn débẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú wọn lọ sáàfin ọba.

Ffestiniog

Etí òkun ni ìlú Porthmadog wà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbéra, tó ń gun òkè lọ sí Blaenau Ffestiniog, máìlì 13 àbọ̀, wákàtí kan ó lé díẹ̀ ló ń gbà. Bó bá ti kúrò ní tẹ́ṣọ̀n, orí ògiri òkúta kan tó gùn tó máìlì kan ló máa kọ́kọ́ gbà, wọ́n ń pè é ní Cob, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Madocks ló ní kí wọ́n mọ ọ́ láti lé òkun sẹ́yìn, wọ́n parí ẹ̀ ní 1811. Òkun á wà lápá ọ̀tún yín, àwọn òkè ńláńlá á tò lápá òsì. Lẹ́yìn ìyẹn ọkọ̀ á wọ igbó, á máa lọ́ bí ejò létí òkè, àfonífojì á wà lápá ọ̀tún. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń gòkè, ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Òsì làwa jókòó sí, ara òkè àti ewéko tó fẹ́ẹ̀ máa nu wíńdò la rí fún ìgbà pípẹ́.

Síléètì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe ojú irin náà ní 1836. Ẹ̀yin àgbà mọ síléètì, òkúta dúdú pẹlẹbẹ tá a fi ń kọ ABD nílé ìwé àtijọ́. Òun náà ni, wọ́n ń là á bí ẹni la pákó, wọ́n á fi bo òrùlé. Kọ́rì ẹ̀ wà lókè ní Blaenau, ọkọ̀ ojú omi ń dúró dè é ní Porthmadog. Kò sẹ́ńjìnnì nígbà yẹn. Wọ́n ti ṣe ojú irin náà kó máa dagẹ̀rẹ̀ láìdábọ̀ láti òkè dé òkun, wágọ́ọ̀nù tó bá ti kún fún síléètì á máa yí bọ̀ fúnra ẹ̀, àwọn bíi mélòó kan á wà lórí ẹ̀ tí wọ́n ń di bíréèkì mú. Ẹṣin ló ń fa èyí tó ṣófo padà sókè. Tó bá wá tó àkókò àtisọ̀kalẹ̀, wọ́n á kó àwọn ẹṣin náà sínú wágọ́ọ̀nù tiwọn lẹ́yìn, wọ́n á fún wọn ní koríko, ẹṣin á máa jẹun bọ̀ wálé. Nígbà tí mo ka eléyìí fún Bàbá nínú ìwé pélébé tí wọ́n fún wa, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ní 1863 ni ẹ́ńjìnnì dé, 1865 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ẹ́ńjìnnì tí orúkọ wọn fi kàn wá dé ní 1869, Double Fairlie ni wọ́n ń pè é. Mo máa ṣàpèjúwe ẹ̀ dáadáa, torí tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa lọ wò ní gbogbo Wales, òun ni. Olórí méjì ni. Ṣímìnì wà níwájú, ṣímìnì wà lẹ́yìn, àárín làwọn tó ń wà á dúró sí, iná sì wà ní àárín wọn gangan tó fi jẹ́ pé dírábà wà lápá kan, fáyàmáàn wà lápá kejì, bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, orí iná ni wọ́n ti máa sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ níwájú àti tẹ̀yìn ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bó bá dé kọ́nà, á gbà á bí ẹni ń ṣe é lérò. Bó bá dópin ojú irin, kò nílò kí wọ́n yí i padà, ẹ̀yìn ẹ̀ ti di iwájú nìyẹn. Wọ́n ṣì ní èyí tí wọ́n ṣe ní 1879, Merddin Emrys lorúkọ ẹ̀, ilé iṣẹ́ tiwọn tó wà létí ojú irin níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1992, wọ́n tún ṣe òmíràn jáde ní 2023. Ẹ rò ó wò, ẹ́ńjìnnì eléèédú, ní 2023!

Bá a ṣe dé tẹ́ṣọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá ò wo ibi tí wọ́n ti ń ta tíì, wọn ò wo òkun, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n lọ. Fáyàmáàn, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ, ṣílẹ̀kùn iná, ó sọ ṣọ́bìrì èédú kan sí i, ó tún sọ ìkejì, kò dà nílẹ̀. Bàbá bọ́ fìlà wọn. Wọ́n ní kí n bi í pé aago mélòó ló dáná. Ó ní ó ti wà níbẹ̀ látìdájí, torí bọ́ílà kì í gbóná kíá, ó ń gba wákàtí mélòó kan kí omi tó ru débi tó máa fa ẹrù. Bàbá wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko." Mo gbìyànjú láti túmọ̀ ẹ̀ fún ọmọ náà. Mi ò tú u dáadáa, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ tó dúdú fún èédú, Bàbá bọ̀ ọ́.

Kí n má gbàgbé, kì í ṣe ìjọba ló jí i dìde o. Wọ́n ti pa ojú irin yìí tì ní 1946, koríko bò ó. Àwọn èèyàn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló gbà á ní 1954, ní 1955 ọkọ̀ tún gba orí Cob kọjá. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tó yá ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ṣe dáàmù ní Tanygrisiau, omi bo ibi tí ojú irin gbà tẹ́lẹ̀, àwọn olọ́wẹ̀ yìí wá gbẹ́ ọ̀nà tuntun láti 1965 sí 1978, pẹ̀lú ṣọ́bìrì, pẹ̀lú bárò, ní òpin ọ̀sẹ̀, nínú òjò. Ẹ máa rí ibẹ̀, Dduallt ni wọ́n ń pè é, ojú irin máa lọ́ yí ara ẹ̀ po, á wá gba orí ara ẹ̀ kọjá, ẹ máa wo ìsàlẹ̀ ẹ máa rí ibi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti gbà bọ̀. Ó di 1982 kí wọ́n tó padà wọ Blaenau.

Ibi tí kò tẹ́ ẹlòmíì lọ́rùn: kọ́ọ̀ṣì ẹ̀ há, orúnkún yín àti orúnkún ẹni tó kọjú sí yín lè máa kanra. Igi pọ̀ lójú ọ̀nà, tó jẹ́ pé ẹ máa kàn máa rí òkè fìrífìrí ni. Blaenau fúnra ẹ̀, òkìtì àfọ́kù síléètì ló yí i ká, aláwọ̀ eérú, òjò ò sì jìnnà síbẹ̀. Ìyàwó bọ̀dá mi tó ti lọ rí sọ pé ibẹ̀ mú òun rẹ̀wẹ̀sì. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Òkìtì yẹn, ọwọ́ èèyàn ló kó gbogbo ẹ̀ jọ, UNESCO sì ti kọ orúkọ gbogbo agbègbè síléètì yẹn sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé wọn ní 2021.

Welsh Highland

Porthmadog náà lẹ ti lè wọ eléyìí, tẹ́ṣọ̀n kan náà làwọn méjèèjì ń lò, ilé iṣẹ́ kan náà ló ni wọ́n. Òdìkejì ló ń lọ, ó ń lọ sí Caernarfon, máìlì 25, kò sí rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n dá padà tó gùn tó o ní gbogbo Ìlú Ọba. Wákàtí méjì ó lé ni àlọ nìkan. Ẹ fi àbọ̀ kún un, ẹ fi ìsinmi kún un, ọjọ́ yín ti tán.

Tó bá jẹ́ òkè lẹ wá wò, mi ò ní purọ́ fún yín, èyí ni kẹ́ ẹ gùn. Láti Porthmadog, àárín títì ni ọkọ̀ á kọ́kọ́ gbà, lórí bíríìjì inú ìlú, mọ́tò á dúró, èrò á dúró, ẹ́ńjìnnì gàgàrà á máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Bàbá ní ó rán àwọn létí bí rélùwéè ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Agége. Lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀ á tẹ́jú, màlúù, àgùntàn, àgùntàn, àgùntàn, òkè á wà níwájú bí ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn. Ẹ máa rò pé kò síbi tí ọkọ̀ lè gbà. Ó ń gbà á o. Aberglaslyn lorúkọ ibẹ̀, àpáta lọ́tùn-ún, odò tó ń ru gùdù lórí òkúta lápá òsì, ihò abẹ́ òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ bọ̀dá mi ń pariwo kó lè gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe ń padà bọ̀. Ẹ máa jáde sí Beddgelert, abúlé tí wọ́n fi òkúta kọ́, tí wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n sin ajá ọmọ ọba kan sí, ajá tó gba ọmọ lọ́wọ́ ìkookò tí olówó ẹ̀ wá ṣi pa. Lẹ́yìn Beddgelert ni gígun gidi, ìdá kan nínú ogójì ni, ẹ́ńjìnnì á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ọkọ̀ á máa lọ́ sọ́tùn-ún lọ́ sósì débi pé ẹ máa jókòó sínú kọ́ọ̀ṣì yín ẹ máa rí iwájú ọkọ̀ yín kan náà lójú fèrèsé, tó kọjú sí yín. Nítòsí Rhyd Ddu ló ti máa gùn ún dé òkè, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 650, lẹ́sẹ̀ Yr Wyddfa, òkè tó ga jù ní Wales, 1,085 mítà.

Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ náà ní ìtàn, ó sì kan àwa aláwọ̀ dúdú. Garratt ni wọ́n ń pè é, gígùn gbọọrọ, bọ́ílà kan láàárín, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ilẹ̀ South Africa ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ṣiṣẹ́, àwọn méjì nínú wọn jẹ́ ti 1958, Manchester gan-an ni wọ́n ti ṣe wọ́n kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Áfíríkà, wọ́n wá tún kó wọn padà. Bàbá ní irú ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà náà rí, èyí tó tóbi jù ú lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ojú irin yìí ṣòro jí dìde ju Ffestiniog lọ. 1923 ni wọ́n so gbogbo ẹ̀ pọ̀, kó tó di 1937 ó ti kú, wọ́n tu irin ẹ̀ nígbà ogun Hitler. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tò ní 1997, wọ́n parí ní 2011. Irin tí kò sí mọ́ fún ọgọ́ta ọdún, wọ́n tún un tò láti ilẹ̀.

Ìyà tó jẹ wá níbẹ̀ wá ńkọ́? Ẹnì kan tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò ló ní ká lọ bọ́ sílẹ̀ ní Bangor, pé ibẹ̀ lọkọ̀ kékeré náà ti ń gbéra. Irọ́ ni. Bangor ní rélùwéè ńlá, Caernarfon ò ní, bọ́ọ̀sì lẹ máa wọ̀ láàárín méjèèjì. Ká tó débẹ̀, ọkọ̀ àárọ̀ ti lọ. A fi gbogbo ọjọ́ náà wo ààfin olódi tí ọba Edward Kìíní kọ́ síbẹ̀, ó dáa lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí Bàbá tìtorí ẹ̀ kúrò ní Iléṣà nìyẹn. Ọjọ́ kejì la tó gùn ún. Àlọ dùn. Nígbà àbọ̀, láti bíi Rhyd Ddu, Bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́, mo wò wọ́n, wọ́n ti sùn, wọ́n na ẹsẹ̀ kan sí ààyè ìrìn. Alẹ́ ọjọ́ náà ẹsẹ̀ wọn wú, a fi omi gbígbóná ra á. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún méjìlá ń bi mí bóyá a tún lè lọ lọ́la.

Ká wá fi àwọn méjèèjì ṣẹ̀gbẹ́ ara wọn

Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló wà pẹ̀lú yín, ẹ mú Ffestiniog, ẹ má ronú lé e lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúrú, wọ́n lè sọ̀ ní Tan-y-Bwlch tó wà lágbede méjì kí wọ́n na ẹsẹ̀ kí wọ́n mu tíì, ilé oúnjẹ wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ, tàbí ẹ̀yin lọ́kọláya tẹ́ ẹ lágbára, tẹ́ ẹ fẹ́ ya fọ́tò òkè, Welsh Highland ni, kọ́ọ̀ṣì ẹ̀ náà sì fẹ̀ jù, ara ń rọni níbẹ̀. Tó bá jẹ́ onímọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, mẹkáníìkì, wẹ́ldà, ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan irin rí, Ffestiniog, torí ẹ́ńjìnnì olórí méjì yẹn. Owó? Ti Welsh Highland ló máa ń wọ́n jù tó bá jẹ́ gbogbo ọ̀nà lẹ fẹ́ gùn, owó ń yí lọ́dọọdún, wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn lẹ ti máa rí i, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti rà á kó tó dọjọ́, torí wọ́n á ti yan ìjókòó fún yín.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ní Welsh Highland: kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń rin gbogbo ọ̀nà, òmíràn á dé àárín kó padà. Ìyẹn gan-an lè jẹ́ àǹfààní. Tí mo bá tún mú Bàbá lọ, Porthmadog sí Beddgelert àti àbọ̀ ni mo máa wá, Aberglaslyn wà nínú ẹ̀, àwọn òkè wà nínú ẹ̀, ẹsẹ̀ ò sì ní wú.

Talyllyn

Èmi àtàwọn ọmọ bọ̀dá mi ti gun eléyìí nígbà kan tí mo lọ, Bàbá ò sí ńbẹ̀. Tywyn ló ti ń gbéra, létí òkun náà, ní ìsàlẹ̀ sí i. Máìlì 7 ó lé díẹ̀ péré, ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íńṣì mẹ́ta ni àárín irin ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Birmingham, ọkọ̀ ojú irin ńlá ń lọ tààrà sí Tywyn.

Kò ga, kò yára, kò ní ariwo. Ohun tó fi ju gbogbo wọn lọ ni pé òun làkọ́kọ́ ní gbogbo ayé táwọn olọ́wẹ̀ gbà kó má bàa kú, ní 1951. Gbogbo rélùwéè tí mo ti ń dárúkọ látẹ̀ẹ̀kan, lára tiẹ̀ ni wọ́n ti kọ́gbọ́n. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ti 1864 àti ti 1866, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn kọ́ọ̀ṣì ẹ̀, apá kan ṣoṣo ló ń ṣí. Nígbà tí aṣojú ìjọba wá yẹ ojú irin náà wò ní 1866, ó rí i pé abẹ́ bíríìjì há jù, tí ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ ó ti kú nìyẹn, wọ́n wá kan apá kan pa títí dòní. Mo fi ọwọ́ mi kàn án.

Ẹ sọ̀ ní Dolgoch, ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ wọnú igbó, omi ń já látorí àpáta. Ẹni tó bá ti gun òkè omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, tó ti mí lókè mí nílẹ̀ kó tó dé ìpele kejì, máa gbádùn Dolgoch, torí kò gba agbára. Ti wa tóbi jù ú lọ fíìfíì, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Tó bá jẹ́ ọmọ kéékèèké ló pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ti ọdún mẹ́ta mẹ́rin, Talyllyn ni. Wọn ò ní tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kẹ́ ẹ tó dé.

Àwọn tó kù

Rélùwéè tó ń gun Snowdon fúnra ẹ̀ (bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe Yr Wyddfa nìyẹn), láti Llanberis, 1896 ni wọ́n ti ṣe é, irin eléyín ló wà láàárín tí ẹ́ńjìnnì fi ń di òkè mú. Ó ń gbé èèyàn lọ sórí òkè tí ẹsẹ̀ wọn ò lè gbé wọn dé. Àmọ́ bí atẹ́gùn bá le, ọkọ̀ ò ní dé téńté, bí ìkúukùu bá sì bo orí òkè, funfun lẹ máa rí, ẹ máa san owó gidi fún funfun. Mi ò ní fi òun nìkan gbé ara mi láti Nàìjíríà.

Íńdíà wá ńkọ́, torí àwọn èèyàn wa ń bá aláìsàn lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀ dáadáa. Darjeeling lorúkọ ẹ̀ lókìkí jù, wọ́n parí ẹ̀ ní 1881, kìlómítà 88, ó ga dé 2,258 mítà ní tẹ́ṣọ̀n Ghum, ó ń gba iwájú ilé àti ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń rìn nínú ọjà. Òkè tiwọn kò ṣeé fi wé ti Wales. Ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Delhi, ọ̀nà kejì ìlú ni, torí náà tó bá jẹ́ Delhi ni ẹ̀yin àti aláìsàn yín wà, tí dókítà ti ní ó ti yá, Kalka sí Shimla ló súnmọ́ yín. 1903 ni wọ́n ṣí i, kìlómítà 96, ihò abẹ́ òkè ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ ni àárín irin ẹ̀, bákan náà pẹ̀lú ti Zaria sí Bukuru tá a jẹ́ kó lọ. Ó lé ní wákàtí márùn-ún lọ́nà kan ṣoṣo, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ò gbọdọ̀ gùn ún.

Kẹ́ ẹ tó lọ

Láti Manchester, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Llandudno Junction, ẹ wọ kékeré tó ń lọ sí Blaenau Ffestiniog, ẹ máa bọ́ sílẹ̀ níbi tí Ffestiniog wà gan-an, ẹ máa gun tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí Porthmadog. Ká ní ẹni yẹn ti sọ èyí fún wa, à bá má ṣòfò ọjọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ rántí pé òsì ni àfonífojì máa wà.

Ẹ má lọ ní January. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọkọ̀ pọ̀, láti bíi oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ìyẹn ó kù ti Kérésì. Ẹ mú súwẹ́tà, àní nínú oṣù keje, ẹ mú agbòjò. Ẹ gbé nǹkan jíjẹ lọ́wọ́, tíì àti kéèkì ni tiwọn, ó dáa ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n dodo Ìkirè tí mo gbé láti ilé ni Bàbá jẹ lórí Cob, wọ́n bu fún òyìnbó tó jókòó kọjú sí wa. Bí eékún òbí yín ò bá dáa tàbí tí wọ́n ń lo wíìlíṣíà, ẹ sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kọ́ọ̀ṣì tó wà fún ìyẹn, kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ kẹta tá a gun Ffestiniog, nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra padà láti Blaenau, gáàdì wọn jáde sórí pèpéle, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè. Bàbá ti yọ orí lójú fèrèsé. Mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún wọn ń gòkè díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú fìlà tí wọ́n ká, títí ó fi bá àsíá yẹn dọ́gba. Ẹ́ńjìnnì fọn fèrè. Wọn ò sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀ títí ọkọ̀ fi kúrò ní pèpéle.

Wọ́n ti sọ fún bọ̀dá mi pé lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀tún làwọn máa jókòó sí.